Kí Ẹsẹ̀ Tó Débẹ̀

Àpótí ńlá ni nọ́ọ̀sì náà ń wọ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ní Peckham, ní London, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń gbé abúlé kan ní Iowa, ní Amẹ́ríkà, pè é lórí fóònù. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yìí ló ń kó lọ. Ó ti fi yàrá sílẹ̀ fẹ́lòmíì. Ṣùgbọ́n a kì í kéde ìrìn àjò kí ẹsẹ̀ tó débẹ̀.

“Bọ̀dá mi, ṣé ẹ ṣì ń rìn lọ́nà oko àgbàdo yẹn?”

“Ó ti sú mi! Wákàtí méjì, màlúù nìkan ni mo máa ń bá pàdé.”

“Ẹ bá mi kí wọn. Ó ti rẹ̀ mí níbí.”

“Ìwọ ṣáà wá ṣílẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ná.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dúró síta pẹ̀lú àpótí méjì.

“Mo ti talé. Ọ̀dọ̀ rẹ ni mò ń kó bọ̀. Mo ní kí n dé ná kí n tó sọ.”

Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn títí ẹni tó gba yàrá fi gbẹ́rù dé.

“Aunty, Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi.”