Ayàwòrán Orí Òkè

Wọ́n ní inú òkun ni ọkọ̀ òfuurufú náà já sí nígbà ogun Hítílà, kí n yéé wá awakọ̀ rẹ̀ kiri. Mi ò gbà. Àwòrán ilẹ̀ ni wọ́n ní kó lọ yà láti òkè, kò gbé ìbọn kankan, àbúrò rẹ̀ sì ti darúgbó sórí bíbéèrè ibi tí òkú ẹ̀gbọ́n òun wà.

Bàbá Láṣebìkan, ọdẹ tó mú mi gun òkè náà ní ìrọ̀lẹ́, já ewé, ó jù ú sórí òkìtì ewé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo irin ọkọ̀ òfuurufú kan tó ti dípẹtà tán. Gbogbo ẹni tó bá kọjá níbẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

“Já tìrẹ, ọmọ mi. Ewé yìí ni kì í jẹ́ kí ẹni tó kú síbí dìde.”

“Ìdí tí mi ò fi ní já a nìyẹn, bàbá.”

Fóònù mi dún kẹ́ bí mo ṣe ya irin náà. Kẹ́ mìíràn dá a lóhùn lókè orí wa. Mo tún yà á, ó tún dáhùn. Ewé kankan ò mì.

Mo wo àwòrán náà. Kò sí irin níbẹ̀. Èmi àti bàbá ni mo rí, láti òkè réré bí ẹni pé ẹyẹ ló yà wá: fìlà rẹ̀, àti irun dídì orí mi.

“Jẹ́ ká máa lọ,” bàbá wí. Ó ti kọ ẹ̀yìn sí mi.

“Ẹ máa lọ, bàbá.” Mo gbójú sókè. “Ìwọ tó ń yà wá, sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ń retí rẹ nílé.”

Kẹ́ náà dún nítòsí. Fóònù tàn lọ́wọ́ mi. Ojú mi nìkan ló wà níbẹ̀ báyìí, gàdàgbà, bí ẹni pé iwájú mi gan-an ni ẹni tó yà á dúró sí.

Mo na ọwọ́. Ìbọ̀wọ́ awọ kan, tó tutù bí omi òwúrọ̀, dì í mú.