Ẹ̀rọ Tó Ń Gbọ́ràn sí Bàbá Ìbejì Lẹ́nu

"Ta... fáàù."

Fáànù kò yí.

Bàbá Ìbejì tún un sọ. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti so ó láhọ́n, bí ẹni tó kó òkúta sẹ́nu ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rọ róbótó orí tábìlì, tó ń ṣiṣẹ́ gbogbo rìmóòtù ilé, tó sì ń gbàṣẹ lẹ́nu ènìyàn, dákẹ́ bí ìyàwó tuntun.

Bẹ́ẹ̀ ó ń gbọ́ràn sí i lánàá. Ìgbọràn yẹn ló jẹ́ kí bàbá máa jẹun, kó máa gbìyànjú ọ̀rọ̀.

"Ìyá Ìbejì... ẹ̀rọ gan-an... kọ̀ mí. N ò sọ̀rọ̀... mọ́."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, olówó orí mi! Ẹ tún un pè, ẹ jọ̀ọ́!"

Ẹ̀yìn àga rẹ̀ ni ìyàwó dúró sí, ọwọ́ rẹ̀ kan ń tẹ nǹkan lábẹ́ ìró.

Rìmóòtù fáànù ló wà lọ́wọ́ náà.

Láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ ti dé, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá rí. Àtàǹpàkò ìyàwó ló ń bá a gbọ́.

Lónìí, bátìrì rìmóòtù ti kú.

Wọ́n ní bó ti wù kí irọ́ sáré tó, òtítọ́ á lé e bá. Rìmóòtù já bọ́ sílẹ̀.

Bàbá Ìbejì kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Inú ti bí i, ó nàka sí ẹ̀rọ:

"Olóríkunkun! Mo ní tan fáànù!"

Fáànù yí.

"Ṣé o rí i?" Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ó mọ ohùn ọ̀gá ẹ̀!"

Ìyàwó la ẹnu.

Òun ni ọ̀rọ̀ wá kọ̀ fún.