Orúkọ Tó Ń Tàn Lára Ògiri

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù lórí kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn yunifásítì jọ ni. Àwọn olùwádìí yòókù ti kó tiwọn nílẹ̀ nítorí ọdún Òmìnira orílẹ̀-èdè wọn tó bọ́ sí ọjọ́ Ajé. Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣe bébà láyé àtijọ́, níbi tí ẹ̀rọ náà wà, lára ògiri tí orúkọ àwọn tí iṣẹ́ wọn ń lọ ti ń hàn, orúkọ ẹnì kan péré ló ń tàn: Tuire.

Tuire, ọmọbìnrin olùwádìí tó wá láti Helsinki, ń wá bí yìnyín orí adágún ṣe ń là nígbà ìrúwé, kí àwọn tó ń wakọ̀ gba orí rẹ̀ lè mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dúró. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ẹ̀rọ yìí ń kàn án. Bí iṣẹ́ náà bá parí lọ́jọ́ Ajé, yunifásítì á fi í sípò. Bí kò bá parí, á kó ẹrù rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Veijo, tó ń mójú tó gbọ̀ngàn náà, gbé kọfí wá fún un.

"Tó bá já lójú ọ̀nà ńkọ́? Ṣé èèyàn lè so ó níbi tó ti já?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ẹyin ni. Tó bá ti bọ́, ó fọ́ nìyẹn. Kò sì ní bá mi sọ nǹkan kan títí á fi tán."

"Títí á fi tán," ni Veijo wí, ó sì fi ṣíbí ro kọfí tí kò fi ṣúgà sí.

Omi tó ń já lórí àpáta lẹ́yìn ilé ló ń fún ẹ̀rọ náà níná. Ooru tí ẹ̀rọ bá tú jáde ló ń gba inú páìpù lọ sí àwọn ilé òdìkejì odò. Ìléru ìlú tó ń ràn án lọ́wọ́ ti bàjẹ́ lánàá, àwọn tó máa tún un ṣe sì ń bọ̀ láti ìlú Oulu. Òdìkejì odò náà ni ìyá Veijo, Màmá Saimi, ń gbé.

Lọ́sàn-án, ọ̀gá àgbà, Ahlroos, pè láti Helsinki.

"Veijo, àwọn tó máa fọ ẹ̀rọ ti wà ní òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ pa á."

"Ọ̀gá, ìléru ìlú ti kú. Ìta níbí tutù ju inú fíríìsà lọ."

"Ọ̀rọ̀ ìlú nìyẹn. Ìwádìí la fi ẹ̀rọ wa ń ṣe, a ò fi ṣe àdògán."

"Iṣẹ́ ọmọbìnrin yìí ṣì wà lórí ẹ̀."

"Òun náà ló dá mi dúró. Òfin ni, a kì í pa ìwádìí tó ń lọ lọ́wọ́. Bó bá ti tán, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀."

Tuire jáde lọ ra búrẹ́dì. Nígbà tó dé, tó ń gbọn òjò dídì kúrò lára bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbójú sókè. Orúkọ rẹ̀ kò sí lára ògiri mọ́. Ó sáré. Kó tó dé ìdí tábìlì, orúkọ náà ti tàn padà, Veijo sì jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, òógùn bò ó lójú.

"Kí ló ṣe é?"

"Ògiri ló ṣẹ́jú. Lọ mu omi, ojú ẹ ti funfun bíi ti òkú."

Tuire tẹ́tí. Láàárọ̀, ariwo ẹ̀rọ náà ń lọ sókè sódò bí èémí ẹni tó ń gun òkè. Nísinsìnyí ó ń hùn lọ gbọọrọ, ohùn kan ṣoṣo. Ó ti bọ́ sójú títẹ́jú, ló sọ nínú ara rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ láti yọjú wo inú iṣẹ́ náà. Veijo fi ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀.

"Ta ló ń ṣí ààrò wo búrẹ́dì tí ò tíì jinná? Òní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Màmá ti dáná sáúnà dè ẹ́."

Ta ló lè kọ ìyẹn? Nínú sáúnà, ilé ìwẹ̀ olóoru ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, Màmá Saimi da omi sórí òkúta gbígbóná títí etí Tuire fi ń ta á.

"Ìwọ lọmọ tó ń dáná fún wa! Wo bó ṣe rù. Ṣé wọn kì í jẹun ní Helsinki ni?"

"À ń jẹun, Màmá."

"Irọ́ ni. Tí iná ẹ bá kú, ibí yìí ni èmi àti gbogbo àdúgbò máa sùn, bí ẹja yíyan."

"Kò ní kú, Màmá."

Ahlroos tún pè lọ́jọ́ Àìkú, Tuire fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

"Ọbẹ̀ ẹ̀wà ti sú àwọn èèyàn mi ní òtẹ́ẹ̀lì. Ṣé lóòótọ́ niṣẹ́ ẹ ń lọ? Fẹnu ara ẹ sọ ọ́."

Veijo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tẹ́tí.

"Ó ń lọ, ọ̀gá. Mo fi orúkọ mi dúró."

"Ó dáa. Ó di ọ̀la."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, gẹ́gẹ́ bí àṣà ọdún Òmìnira, wọ́n tan àbẹ́là méjì méjì sójú fèrèsé gbogbo ilé òdìkejì odò. Lẹ́yìn wọn, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí ìléru ìlú. Fóònù Veijo dún, ohùn Màmá Saimi sì gba gbogbo gbọ̀ngàn: "Páìpù ń hó o! Mo ti bọ́ kóòtù!"

Veijo fi fóònù sápò. Ó ṣí fìlà.

"Tuire, o lè ṣí i báyìí."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó, ẹ dúró bí ẹni tó wá síbi ìsìnkú," ni Tuire wí tẹ̀ríntẹ̀rín, ó sì ṣí i.

Iṣẹ́ rẹ̀ ti kú lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì nígbà tó lọ ra búrẹ́dì, ohun tó sì ń jó lábẹ́ orúkọ rẹ̀ láti ìgbà náà ni òǹkà òfìfo tí Veijo fi rọ́pò rẹ̀, ení lé ení, tí ẹ̀rọ ń kà tó sì ń dà nù, kí omi má baà dì nínú páìpù ilé Màmá Saimi.