Kọ̀ǹpútà Tó Fúyẹ́

Kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì péré ló kù ní ṣọ́ọ̀bù tí Abdulsalam lọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì fẹ́ kí wọ́n sọ èyí tí òun máa rà fún un kí ẹlòmíràn tó gbé e lọ.

Ọlátẹ́jú, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló rán an. Ẹnjiníà ni, ó sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, àmọ́ ní ọdún 1998 yẹn, iléeṣẹ́ kan ní Ìkẹjà ní kí ó wá máa ya àwòrán ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún epo pupa fún àwọn. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ó ti kọ̀wé fi yunifásítì sílẹ̀. Ó sọ fún Sẹ̀kínát ìyàwó rẹ̀ ní ṣókí, bó ṣe máa ń sọ ọ̀rọ̀ gbogbo tí kò bá tíì bọ́ sí i lọ́wọ́.

"Kọ̀ǹpútà yìí ni gbogbo rẹ̀ dúró lé," ló wí. "Tí kò bá lè gbé àwòrán, ètò mi bà jẹ́ nìyẹn."

Sẹ̀kínát ò bèèrè pé ètò wo. Ìkẹjà tó gbọ́ ti tó o. Ọ̀sẹ̀ méjì ni bàbá rẹ̀ ní òun fẹ́ lò l'Ékòó nígbà tí Sẹ̀kínát wà ní kékeré. Ibẹ̀ ló fẹ́ ìyàwó mìíràn sí, kò padà wálé mọ́. Ìyá tó fi sílẹ̀ ló wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn ní Òkèrèwè, nílé-Ifẹ̀ níbi tí àwọn náà ń gbé, báyìí, Sẹ̀kínát nìkan ló sì ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fún un lóúnjẹ. Tí Ọlátẹ́jú bá lọ, kò sí bó ṣe máa tẹ̀ lé e.

Ó tún ń wo nǹkan mìíràn. Ọlátẹ́jú ti kun yàrá ẹ̀yìn ilé wọn ní Ilare, ó fi wáyà tuntun sí i, ó sì ní kí káfíńtà kan tábìlì fífẹ̀ síbẹ̀. Nílé-Ifẹ̀, ta ni ò mọ ohun tí onílé ń tún yàrá ẹ̀yìn ṣe fún? Akẹ́kọ̀ọ́ ló fẹ́ fi sí i kí ó tó máa lọ, kí ilé má baà ṣófo jù.

Lọ́jọ́ tí Abdulsalam fẹ́ pè, iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ parí kí ó tó kúrò ká Ọlátẹ́jú mọ́ yunifásítì. Sẹ̀kínát ló ní kó lọ gba ìpè náà ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà.

"Èyí tí káàdì rẹ̀ ń gbé àwòrán dáadáa ni kó rà," ló wí fún un. "Má gbàgbé o. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kò dà bíi ti orí tábìlì tá a lè tú. Káàdì tó bá bá a wá ló máa bá a kú."

Ohùn Abdulsalam dún ketekete lórí fóònù. "Àǹtí mi, ọ̀kan wúwo, kò sì fi bẹ́ẹ̀ wuni, àmọ́ káàdì rẹ̀ lágbára, mẹ́gábáìtì mẹ́jọ ni. Èkejì fúyẹ́, ó ń dán, mẹ́gábáìtì méjì péré ni tiẹ̀. Èwo ni kí n rà?"

Sẹ̀kínát yára fèsì. "Èyí tó fúyẹ́."

"Ṣé bí Bọ̀ọ̀dá ṣe wí nìyẹn? Fún iṣẹ́ ẹnjiníà?"

"Àwọn ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀."

Kò tíì parọ́ mọ́ ọkọ rẹ̀ rí. Ó kírun alẹ́ tán, ó jókòó sórí ẹní, kò mọ ohun tó lè tọrọ.

Kọ̀ǹpútà náà dé nínú báàgì ẹnì kan tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ wálé. Ọlátẹ́jú gbé e sórí tábìlì tuntun, ó ṣí àwòrán ẹ̀rọ epo rẹ̀, ó ní kí ó yí kí òun lè rí ẹ̀yìn rẹ̀. Àwòrán náà yí díẹ̀, ó dúró. Ó tún yí, àwọn ìlà rẹ̀ já wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ni ojú kọ̀ǹpútà bá dúró gbagidi. Ọlátẹ́jú gbìyànjú títí tíì rẹ̀ fi tutù.

"Abdulsalam ló ṣì í rà," ló wí níkẹyìn. "Má jẹ́ kó mọ̀ o, Sẹ̀kínát. Ọmọ yẹn ti sa gbogbo ipá rẹ̀."

Ì bá sàn kí ó bínú. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rí ọkàn ò ti jẹ́ kí Sẹ̀kínát gbádùn. Tó bá gbé oúnjẹ wá, tó rí bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń wo kọ̀ǹpútà tó ti pa náà, ọ̀rọ̀ a kún ẹnu rẹ̀, a sì gbé e mì. Àmọ́ tó bá dé Òkèrèwè, tó ń nu ara ìyá rẹ̀, a sọ fún ara rẹ̀ pé, ó kéré tán, ọkọ òun ò ní lọ mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó lọ bá a ní yàrá ẹ̀yìn, ó bá a tó ń ká aṣọ sínú àpótí. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá Àbíkẹ́, ẹ dákun, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ."

"Èmi náà ní ọ̀rọ̀, ojú ló sì ń tì mí láti sọ ọ́," ni Ọlátẹ́jú wí. Kò wo ojú rẹ̀. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi."

Ó pa àpótí náà dé. "Wọ́n ní kí n máa bọ̀ ní Ìkẹjà, torí ọ̀dọ̀ wọn ni kọ̀ǹpútà tó lè gbé iṣẹ́ náà wà, mo mọ̀ pé o ò lè fi Ìyá sílẹ̀, òun ni mo ṣe tún yàrá yìí ṣe, òun náà ni mo ṣe ní kí Abdulsalam ra èyí tí káàdì rẹ̀ lágbára, kí n lè máa jókòó síbí ṣe iṣẹ́ wọn, kí n má baà fi ọ́ sílẹ̀ lọ."