Rọ́bà Tó Ṣẹ́kù Lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n

Mẹkáníìkì náà pa bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin dé.

"Mo ti pààrọ̀ páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́. Yóò máa sáré bí ẹtu."

"Àwọn rọ́bà tó ṣẹ́kù yìí ńkọ́, Bọ̀dá mi?"

"Kò nílò wọn mọ́. Dà wọ́n nù."

Bí obìnrin náà kò bá fẹ̀yìn ti ọmọ ìyá rẹ̀, ta ni yóò fẹ̀yìn tì? Ó gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, ó ṣáná sí ọkọ̀.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ó kú.

Bàbá awakọ̀ akẹ́rù kan dúró, ó wo ẹ́ńjìnnì.

"Ihò tí wọ́n ti yọ rọ́bà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tó ṣe èyí mọ̀ pé ọkọ̀ yìí ò ní rìn jìnnà."

"Rárá o, bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Á jẹ́ pé ó gbàgbé ni."

Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù.

"Má kúrò níbẹ̀. Mò ń bọ̀."

Ó dé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀.

Ọkọ obìnrin náà ni, ọkọ tó ń lù ú, tí obìnrin náà ń sá fún. Ẹ̀gbọ́n nìkan ló sọ fún pé òun ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n ò lè wo ojú rẹ̀. "Àbúrò mi, ṣebí ẹ máa yanjú ẹ̀ nílé."

Obìnrin náà ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó yíjú sí awakọ̀ akẹ́rù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé wa lọ."