Àpò Sìmẹ́ńtì Wùnmí

Wùnmí, ọ́dítọ̀ tí wọ́n ní kó wá yẹ ìṣirò ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó wò, sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní Araromi-Obu, ó ní kí wọ́n bá òun gbé àpò sìmẹ́ńtì òun wọ ibi tí wọ́n ti ń wọn kòkó.

Ẹ̀rín pa gbogbo àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ṣé ọ́dítọ̀ fẹ́ kọ́lé ni?

"Kọ ọ́ sílẹ̀ pé òpùrọ́ ni Àmúsà, ká lè gba oko lọ́wọ́ ẹ̀!" Bàbá Elisha, alága ẹgbẹ́, ló ń pariwo. "Àlejò lásán! Ó ní kòkó òun ń dín kù lórí òṣùwọ̀n wa!"

"Ṣé ẹ ti yẹ òṣùwọ̀n ọ̀hún wò, sà?"

"Ọdún mẹ́wàá la ti ń lò ó! Ta ló ráhùn rí?"

"Mo gbọ́ sà. Ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ sí ohun tí mi ò fojú ara mi rí."

Ó ní kí wọ́n gbé sìmẹ́ńtì náà, tẹ́nikẹ́ni ò tíì tú, lé òṣùwọ̀n.

Àádọ́ta kílò ni wọ́n kọ sára àpò. Òṣùwọ̀n ní mẹ́rìnlélógójì.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wọn.

"Àmúsà nìkan ló máa ń wọn kòkó rẹ̀ nílé kó tó gbé e wá síbí," ni Wùnmí wí. "Ta ló tún ń wọn tiẹ̀ nínú yín?"

Àgbẹ̀ tó rẹ́rìn-ín jù lọ rọra jókòó sílẹ̀.

"Ọdún mẹ́wàá," ló ń wí. "Ọdún mẹ́wàá!"