Àga Tó Ń Dúró De Àlejò

Kí oòrùn tó kan àtàrí lọ́jọ́ náà, àga gbọ́dọ̀ ti wà ní gbogbo kíláàsì ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà. Ọ̀gá ilé-ìwé mọ̀ bẹ́ẹ̀, òógùn sì ti bò ó. Obìnrin náà mọṣẹ́, ó sì fẹ́ràn ọmọ, ṣùgbọ́n ìwà kan ló bà á jẹ́: ohunkóhun tó bá dára, àlejò ló máa ń fi í pamọ́ dè. Nítorí kọ́kọ́rọ́ tó ń ró wọnwọn lọ́rùn rẹ̀, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ làwọn ọmọ ń pè é lẹ́yìn.

Alábẹ̀wò ẹ̀kọ́ ló ń bọ̀. Bó bá bá àga tó pé, ìjọba á ṣí kíláàsì girama kékeré síbẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó bá jáde ìwé mẹ́fà á máa fẹsẹ̀ rìn kọjá afárá lọ sí ilé-ìwé òdìkejì odò. Ọmọ-ọmọ Ìyá Kọ́kọ́rọ́ wà nínú wọn, ọmọbìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò le.

Àga kúkú wà. Ìjọba ti kó tuntun wá láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n yàrá ìkẹ́rùsí ni wọ́n wà, táwọn ọmọ ń jókòó sórí sìmẹ́ńtì.

Igbákejì rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ títí. "Màmá, ẹ jẹ́ ká kó àga yìí fáwọn ọmọ. Ìdí wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di sìmẹ́ńtì."

"Kí wọ́n lè fi bírò ya ìyàkuyà sí i lára? Jẹ́ kí alábẹ̀wò rí i ná."

"Ẹ kàn ṣílẹ̀kùn ká yẹ̀ ẹ́ wò. Òjò yìí ti pọ̀ jù."

"Ìwọ náà! Ẹnu ẹ ò lè sọ rere lẹ́ẹ̀kan?"

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Òjò rọ̀, ó tún rọ̀, ilẹ̀kùn ò ṣí.

Nígbà tó wá ṣí i láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn àga tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ń dán. Ó mí kanlẹ̀. "Ó yá, ẹ gbé e!" Olùkọ́ méjì di ti iwájú mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kù sílẹ̀, ìjókòó rẹ̀ sì rún sí wọn lọ́wọ́ bí ewé gbígbẹ. Ikán ti jẹ inú gbogbo wọn tán, ó fi ọ̀dà nìkan sílẹ̀ níta.

Wọn ò mọ̀ pé alábẹ̀wò ti dúró sẹ́yìn wọn.

"Ìyáàfin, ta ló ń jókòó sórí ìwọ̀nyí?"

"Ẹ̀yin... ẹ̀yin la fi ń dè, sà."

"Èmi? Ṣé èmi ni mo wà ní ìwé mẹ́rin ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Omi dànù, agbè tún fọ́: wọ́n gba ipò ọ̀gá lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé kíláàsì girama náà fún ilé-ìwé mìíràn. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ máa lọ sí òdìkejì odò, òun ló bá a gbé báàgì. Lórí afárá, ọmọ náà dúró, ó ń fọwọ́ pa orúnkún. "Màmá àgbà, ṣé àga wà níbẹ̀?" Ìyá Kọ́kọ́rọ́ gbé báàgì náà sí èjìká kejì, ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú.

Ẹ̀yin tí a fi nǹkan ọmọ sí níkàáwọ́, ẹ gbọ́ o. Ohun tí wọ́n kó wá fún ọmọ, ẹ jẹ́ kí ọmọ lò ó, kódà bó máa ya. Èyí tí ọmọ lò gbó ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Èyí tí a tì mọ́lé fún ìyìn àlejò, ikán ló ń jẹ ẹ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rùsí náà ṣí sílẹ̀ gbayawu báyìí, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, àwọn ọmọ sì ṣì ń jókòó sílẹ̀.